Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ojú ìwé mẹ́rin: iṣẹ́ ìtumọ̀ tí mo san owó rẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́

Lẹ́tà olójú-ìwé mẹ́rin ni mo gbé lọ fún wọn pé kí wọ́n bá mi túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìpàdé mọ̀lẹ́bí wa di ogun. Ọ̀rọ̀ náà ni knavery. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, ìwà àìṣòótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n irú àìṣòótọ́ wo? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí ti ṣubú, ibẹ̀ náà ló sì ti padà dìde, nítorí náà n kò ní sọ pé kí ẹ má ṣe dé ìsọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní sọ pé kí ẹ sáré lọ.

Ìsọ̀ náà wà ní Pánṣẹ́kẹ́, níhìn-ín l'Abẹ́òkúta, láàárín àwọn tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ń wá, àṣìṣe wọn kò sì tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ba ọjà ènìyàn jẹ́. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń ké bí ẹni tí wọ́n fi ipá jí lójú oorun, àti bẹ́ǹṣì kan tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, wọ́n ń fi ọ̀rá bo sátífíkéètì, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó ìta pé àwọn ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá àti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. ₦1,500 ni wọ́n ń gbà lórí ojú ìwé kan. Mo san ₦6,000 lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì já rìsíìtì fún mi kí n tó béèrè.

Bàbá tó bí bàbá mi ló kọ lẹ́tà náà ní ọdún 1938 sí àbúrò rẹ̀ tó ń ṣòwò l'Ékòó. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Yorùbá ni wọ́n sì ń bá ara wọn sọ bí wọ́n bá pàdé, ṣùgbọ́n tíṣà ilé-ìwé ìjọ ni bàbá wa, tíṣà ayé ìgbà náà kì í sì í fẹ́ fi kálámù rẹ̀ kọ nǹkan mìíràn sí ènìyàn bí kò ṣe Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá Gẹ̀ẹ́sì tó le. Íńkì rẹ̀ tó jẹ́ búlúù nígbà kan ti di àwọ̀ obì. Ibi tí wọ́n ká a sí ní mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ìlà kan lójú ìwé kejì sì wà lójú ọgbẹ́ náà gan-an, tó fi jẹ́ pé ènìyàn ní láti gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ó tó lè kà á. Ìdí tí a fi fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ ni pé a ń ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan fún ìrántí àwọn méjèèjì, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin méjì tó kù láyé sì ń ka Yorùbá já gaara, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú lẹ́tà yẹn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò, ó tẹ́ ọ̀rá funfun sórí tábìlì, ó sì fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ó tó dá a padà fún mi pé, “Mọ́mì, ẹ mú ojúlówó rẹ̀ lọ sílé, kí ó má baà sọnù lọ́wọ́ wa.” Ọjọ́bọ̀ ló ní kí n wá, ọjọ́ Ọjọ́rú ló ti pè mí pé ó ti parí. Àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó yẹ kí ó wà; ẹni tó bá ti gba ìwé ìpè òkú tàbí ìwé ìkíni tí wọ́n tẹ̀ láìsí àmì kankan rí yóò mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ohun tí à ń yin ènìyàn sí. Ìwé náà mọ́ tónítóní, orí ìlà kò sì rú mọ́ra wọn.

Ní ojú ìwé kejì, lórí ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já yẹn, ni bàbá wa ti sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun kò tíì gbàgbé knavery rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àdìrẹ ìyá àwọn. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìtumọ̀ ni èyí: “N kò tíì gbàgbé olè tí o jà lórí ọ̀rọ̀ àdìrẹ ìyá wa.”

Èmi náà ní ẹ̀bi nínú rẹ̀, torí pé n kò kà á fínnífínní kí n tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri. Ní ọjọ́ ìpàdé, ní yàrá ìgbàlejò wa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bàbá Èkó ló ń ka ojú ìwé kejì sókè fún àwọn àgbà. Nígbà tó dé ibi olè, ohùn rẹ̀ gé. Ó tún ìlà náà kà, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìdí tí a fi pe àwọn wá sí Abẹ́òkúta nìyẹn, láti wá fi bàbá àwọn hàn ní olè lẹ́yìn ọdún tí ó ti wà nínú ilẹ̀. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ẹ mọ ohun tí olè jẹ́ láàárín wa. Ènìyàn lè pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní òpùrọ́ kí wọ́n sì jọ jẹun lálẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ olè kì í dá lé ẹni tó ni ín. Ó ń tẹ̀lé ọmọ, ó ń tẹ̀lé ọmọ-ọmọ dé ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ fẹ́yàwó. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, mo sì padà sí ìdí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn tó gbádùn mọ́ni. Ara knave ni wọ́n ti mú un jáde, knave yìí sì bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ láìní àbùkù kankan. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ pátápátá, cnafa ni wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n sì ń pe k ibẹ̀ jáde, kò tíì di kọ́nsónáǹtì tó ń jókòó lásán bó ti rí lónìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ọmọkùnrin lọ. Àwọn ará Jámánì ṣì ń lo Knabe, ọmọ ìyá rẹ̀, fún ọmọkùnrin títí di òní. Láti ọmọkùnrin ni wọ́n ti sún un di ọmọ ọ̀dọ̀, nítorí pé ọmọkùnrin ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Láti ọmọ ọ̀dọ̀ ló ti di ènìyàn tí kò níláárí, láti ibẹ̀ ni ó sì ti di ẹlẹ́tàn, ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán. Ẹ wo bí àwọn ọlọ́lá ṣe máa ń fi èdè jẹ ẹni tí kò ní. Ọ̀rọ̀ wọn mìíràn, villain, tí à ń gbọ́ nínú fíìmù fún ọ̀daràn, òṣìṣẹ́ oko ni ní ìbẹ̀rẹ̀, inú èdè Látìn ló ti wá, láti ara orúkọ tí wọ́n ń pe ilé oko. Yorùbá kò tíì sọ ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí àgbẹ̀ di orúkọ ẹlẹ́tàn rí, ìyẹn nìkan ni mo lè fi yangàn lórí wọn.

Àwọn tó ń ta káàdì ayò mọ apá kan nínú ìtàn yìí láìmọ̀ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Káàdì tí à ń pè ní Jáàkì lónìí, knave ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀: ọmọ ọ̀dọ̀ ààfin tó dúró lẹ́yìn ọba àti ayaba. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn tó ń tẹ káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí igun rẹ̀, Kn ti knave àti K ti ọba ń da àwọn atayò lójú rú, Jáàkì sì gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìparí ọ̀rọ̀ náà, -ery, ló sọ ọ́ di ìwà tàbí ìṣe: ohun tí knave ń ṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Lónìí, bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi kí ó jẹ́ pé ó ń ṣe àwàdà, tàbí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ará àtijọ́. Kò sí ẹni tí ọlọ́pàá ń mú fún un.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yìí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀ràn náà yé mi, nítorí pé òfin wa ya ohun méjì tí olùtumọ̀ wa dà pọ̀ sọ́tọ̀. Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn wa, ẹsẹ 390 ló sọ ìyà olè jíjà, ẹsẹ 419 tí gbogbo ayé sì ti sọ di orúkọ oníjìbìtì ló sọ ti ẹni tó fi irọ́ gba ohun ìní ẹlòmíràn. Ẹni tó jalè mú nǹkan láìjẹ́ kí olóhun mọ̀, tàbí lójú olóhun láìgba àṣẹ. Ní ti 419, olóhun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé nǹkan náà lé ẹlẹ́tàn lọ́wọ́, ó sì lè máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń gbé e fún un. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni knavery wà. Ojú ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é, ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín ènìyàn méjì sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Gbájúẹ̀ tí àwa náà ń sọ sún mọ́ ọn ju olè lọ: wọ́n gbá ènìyàn lójú, kí ojú rẹ̀ sì tó là padà, owó ti lọ.

Kò sì yẹ kí ìwádìí mi jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rárá, torí pé lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀. Bàbá wa sọ ohun tí àbúrò rẹ̀ ṣe. Ìyá wọn, tó ń re aṣọ l'Ìtòkú, kó àdìrẹ tí iye rẹ̀ jẹ́ ogún fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó bá òun tà á l'Ékòó. Ó tà wọ́n ní ṣílè méje-méje. Nígbà tó dé, ó fa ojú ro, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn oníbàárà Èkó ti ń bẹ̀rù aṣọ Abẹ́òkúta nítorí sódà àti aró òyìnbó, pé ṣílè mẹ́rin-mẹ́rin ni òun fi ẹ̀bẹ̀ tà á, ó sì ka iye yẹn lé e lọ́wọ́.

Irọ́ yìí kò wá láti òfuurufú. Òwò àdìrẹ Abẹ́òkúta wà nínú wàhálà gidi ní àwọn ọdún yẹn, ní ayé Aláké Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá. Àwọn aláró kan ti ń lo sódà kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó dípò eérú àti ewé ẹ̀lú, ẹ̀sùn sì wà pé wọ́n ń ba aṣọ jẹ́. Awuyewuye náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lórí òwò àdìrẹ ìlú yìí ní ọdún 1936. Ìyá tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn náà yóò gbà á gbọ́ kíákíá, àbúrò bàbá wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ lọ́jà ló mú láti fi dáṣọ bo irọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní olè jíjà kò tíì rí ẹwà burúkú tó wà nínú rẹ̀.

Ìlà tó tẹ̀lé e tún wá dé ohun gbogbo ládé: bàbá wa kọ ọ́ pé nígbà tí àṣírí tú, tí ìyá àwọn gbọ́, ńṣe ló rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ọmọ òun ti gbọ́n ju òun lọ, ó sì gba ṣílè ọgọ́ta rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀ láìdín tọ́rọ́ kan. Ẹni tó ń kọ irú lẹ́tà yìí kò bínú mọ́. Knave pàápàá ní ìlò ẹ̀rín nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà. Àgbà lè fi pe ọmọ kékeré tó yọ́lẹ̀ dà, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ṣe máa ń sọ pé “ọmọ burúkú yìí” pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu nígbà tí ọmọ bá fi ọgbọ́n gba ẹran lábọ́ rẹ̀. Ìlò tó le náà wà. Nínú ẹsẹ kejì orin ìyìn ọba Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó sọ ètekéte àwọn ọ̀tá di asán, ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí wọ́n yọ láti ara knave ni wọ́n lò fún ètekéte yẹn. Orin yìí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń tò lórí ìlà láti kọ ní gbogbo ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Èbìbí, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Empire Day ní ayé ìjọba amúnisìn. Mo rò pé irú ibẹ̀ ni tíṣà bíi bàbá wa yóò ti he irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí yóò sì wá fi ṣe àbúrò rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́, bí ẹni fi ìbọn ọdẹ lé adìyẹ.

Mo padà sí Pánṣẹ́kẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò jiyàn, ó sì ṣàlàyé bó ṣe ṣe é láìfi nǹkan kan pamọ́. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. “Kínéfárì” ló pè é fún mi. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, fóònù sọ fún un pé àìṣòótọ́ ni, ìwà burúkú ni, òun náà sì rò ó pé èwo ni àìṣòótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọjà àti owó bí kò ṣe olè? Mo bi í pé ṣé ó ka ìlà tó wà nísàlẹ̀ kí ó tó yàn án. Ó ní ìlà-ìlà ni òun ń túmọ̀, pé bí òun bá parí ọ̀kan, òun a fi àmì sí i, òun a bọ́ sí èkejì. Èsì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé ìwé lọ síbẹ̀, torí pé òun ló sọ gbogbo àṣìṣe yòókù náà di ohun tó yé mi. Níbi tí bàbá wa ti parí lẹ́tà rẹ̀ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń parí rẹ̀, pé òun ṣì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀, “Mo ṣẹ́kù ẹ̀gbọ́n rẹ” ni wọ́n kọ, bí ẹni pé ẹ̀bà alẹ́ àná ni bàbá.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ó sọ fún mi pé bàbá kan wà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wá bá àwọn yẹ ìwé wò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, pé ọjọ́ Ọjọ́rú tí wọ́n parí tèmi ni bàbá náà kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi nígbà tí mo ń san owó. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ kan ni mo ì bá fi kún un láìkùn.

Ọjọ́ kejì ni mo padà lọ. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá náà, ó ní kí n dìde, ó gba lẹ́tà, ó sì kà á láti òkè dé ilẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní, “Àbúrò, ẹni tó kọ èyí ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ ṣeré ni o.” Wákàtí kan ni a fi jókòó ti ọ̀rọ̀ kan yẹn. Mo ní kí ló dé tí a kò lo jìbìtì. Ó ní jìbìtì ti di ọ̀rọ̀ kóòtù, ẹni tó bá kà á yóò máa wo ọ̀nà ibi tí adájọ́ yóò gbà wọlé. Mo dábàá èrú. Ó ní ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n èrú ń sọ ohun tí wọ́n gbà ju ọgbọ́n tí wọ́n fi gbà á lọ, bí a ṣe ń sọ pé owó èrú. Ọ̀jóró jẹ́ ti ìdí ayò àti ti àwọn ọmọ ìta, kò sì yẹ lẹ́nu tíṣà ọdún 1938. Àrékérekè dára, àmọ́ kò ní ẹ̀rín nínú, ọkàn tó dúdú ni ènìyàn ń rí bó bá gbọ́ ọ. Màgòmágó wù mí, mo sì jà fún un díẹ̀. Ibi tí ó ti mú mi gan-an ni wàyó. Ó ní èdè Haúsá la ti yá a, pé ọgbọ́n inú ni wayo túmọ̀ sí fún wọn níbẹ̀, yálà ti rere tàbí ti ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n bó ṣe kọjá Odò Ọya tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọgbọ́n ẹ̀tàn nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ó ní bí knave náà ṣe rìn nìyẹn, ohun tí kò lábùkù ló gbéra, ẹ̀tàn ló dé. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó. Ohun tí kò jẹ́ kí a lò ó ni pé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í lo wàyó nínú ọ̀rọ̀ tó ní ọlá.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé bàbá mú kálámù, ó kọ ọ́ báyìí: “N kò tíì gbàgbé ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí tí o fi ìyá wa ṣe lórí ọ̀rọ̀ àdìrẹ rẹ̀.” Gígùn rẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀. Ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, ẹnu sì ń dun ènìyàn láti sọ ọ́. Bí mo ṣe wò ó, ó dára ju ti bàbá wa tó kọ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ lọ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ó gbọ́. Mo ronú pé ìlú yìí ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn àkọ́kọ́ ní ọdún 1859, tí ó fi wá ń jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tó fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó l'Abẹ́òkúta láti wo ọ̀rọ̀ kan báyìí láti ìhà méjèèjì. Ìjókòó yẹn ni mo rò pé mo san ₦6,000 fún ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Wọn kò dá owó kankan padà fún mi, n kò sì béèrè, ṣùgbọ́n wọ́n tún ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ṣe ẹ̀dà méjìlá rẹ̀, bàbá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àmì sí gbogbo ibi tí ó yí padà, ó tó mẹ́tàdínlógún. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn jókòó tì wá, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Èkó. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tó yọ awò ojú ní ìpàdé pè mí lórí fóònù, ó ka ìlà náà sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní, “Àlùmọ̀kọ́rọ́yí! Bàbá wa gan-an nìyẹn.” Ó ní bí ó ṣe ta ilẹ̀ Mushin nìyẹn náà, ìtàn tí n kò gbọ́ rí, tí n kò sì ní sọ níbí.

Fún àgírímẹ́ǹtì ilé, ìwé ìkíni, ètò ìsìn àti ohun tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì òde òní, màá padà sí ìsọ̀ náà, wọ́n yára, iṣẹ́ wọn mọ́, owó wọn kò sì gani lára. Bó bá jẹ́ lẹ́tà àtijọ́, ìwé ìpínhogún, tàbí ohunkóhun tí òkú fi sílẹ̀ fún alààyè láti máa kà, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó san owó pé bàbá ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ tètè dé, torí pé bí aago méjìlá bá ti lù, ó ti wọ sálúbàtà, ó ti gba ọ̀nà mọ́sálásí lọ kí Jímọ̀.